Báàsì tuntun inú páálí: wọ́n ń tà á, kò tíì ṣeé ta

Gbólóhùn kan wà tí àwọn tó ń ta ohun èlò orin ní Abẹ́òkúta fi ń pọ́n báàsì tuntun, ìyẹn jìtá olóhùn ìsàlẹ̀: "Brọ̀dá, inú páálí ló ṣì wà o, kò tíì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án." Ìyìn ni wọ́n pè é. Lójú ẹni tó ń tún báàsì ṣe, ẹ̀sùn ni. Báàsì tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn látìgbà tó ti kúrò nílé iṣẹ́, wọ́n lè máa tà á, àmọ́ kò tíì ṣeé ta.

Igi ni ọrùn rẹ̀, ìdí abájọ nìyẹn. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tuntun tó ń wọ̀lú yìí, Ṣáínà tàbí Indonéṣíà ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n tò ó níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ìwọ̀n omi inú afẹ́fẹ́, wọ́n wé e sínú ọ̀rá, ó wọ kọ̀nténà, ó lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan lórí òkun, ó tún sùn sí Èkó kí bọ́ọ̀sì tó já a sí Kútọ̀. Igi ń mu omi afẹ́fẹ́, ó sì ń tu ú jáde. Okùn ẹ̀wẹ̀ ń fa ọrùn yẹn síwájú tọ̀sán tòru. Nítorí náà, ohun tí wọ́n fọwọ́ sí níbi tí wọ́n ti ṣe é kọ́ ló dé ọwọ́ yín, kódà kí káàdì ayẹ̀wò ṣì máa jù dirodiro lórí rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ló yẹ kó tún un yẹ̀ wò. Ibẹ̀ ni àwọn ṣọ́ọ̀bù wa ti yàtọ̀ síra, ju bí owó ọjà wọn ṣe yàtọ̀ lọ.

Ká má purọ́, ọjà fúnra rẹ̀ kò burú. Ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí ló ń gé igi báyìí, ojú ibi tí ọrùn ti wọ ara kì í sì í ṣófo bíi ti àtijọ́. Yamaha TRBX174 tàbí Ibanez GSR200 tó jẹ́ ojúlówó, bí wọ́n bá tò ó dáadáa, kò sí ìsìn tàbí òde ìnáwó tí kò lè bá yín dé. "Bí wọ́n bá tò ó dáadáa" yẹn ni gbogbo ẹjọ́.

Ọrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ tún ohùn okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe ná, E, A, D, G, torí ọrùn tí okùn rẹ̀ dẹ̀ kì í sọ òótọ́ nípa ara rẹ̀. Ẹ tẹ okùn E, tó nípọn jù, mọ́ fírẹ́ẹ̀tì kìíní (fírẹ́ẹ̀tì ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn), kí ẹ fi ọwọ́ kejì tẹ̀ ẹ́ mọ́ fírẹ́ẹ̀tì ìkẹyìn. Okùn náà ti di rúlà nìyẹn. Ẹ wá wo abẹ́ rẹ̀ ní fírẹ́ẹ̀tì keje sí ìkẹjọ: àlàfo bíi 0.3 mm ló yẹ kó wà níbẹ̀. Káàdì ATM nípọn tó 0.76 mm, nítorí náà bí káàdì bá lè wọlé síbẹ̀ láìgbé okùn sókè, ọrùn ti tẹ̀ síwájú jù. Okùn á ga, ìka á máa ro yín kí ìyìn àti ọpẹ́ tó parí. Bí kò bá sí àlàfo rárá, ó ti tẹ̀ sẹ́yìn, àwọn ohùn láti fírẹ́ẹ̀tì kìíní dé ìkarùn-ún á sì máa ha ṣáá.

Méjèèjì ló ṣeé tún ṣe. Irin kan wà nínú ọrùn tí wọ́n ń pè ní truss rod. Ẹ yí i sí apá ọ̀tún, ọrùn á na. Ẹ yí i sí òsì, á tẹ̀ síwájú. Ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo ni lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dẹ okùn díẹ̀ bí ẹ bá ń fún un, kí ẹ wá tún ohùn ṣe kí ẹ tó tún un wọ̀n. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Bí irin náà bá le débi tí ẹ ní láti fi agbára bá a jà, ẹ fi báàsì yẹn sílẹ̀ fún ṣọ́ọ̀bù.

Irinṣẹ́ onígun mẹ́fà tí wọ́n fi ń yí i, álíẹ̀ǹkíì, ni ìdánwò tó dáa jù fún ẹni tó ń tajà. Ẹ sọ fún un jẹ́jẹ́: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú álíẹ̀ǹkíì rẹ̀ wá." Ṣọ́ọ̀bù tó bá gbé odidi sẹ́ẹ̀tì jáde, tí wọ́n sì ní kí ẹ jókòó, ẹ lè bá wọn nájà lọ. Èyí tó bá dá yín lóhùn pé "Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì yín ò ní tẹkiníṣíà ni?" ti sọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe fún yín. Àmọ́ èyí tó léwu jù ni ibi tí ọmọọṣẹ́ ti sáré mú kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń tú jẹnẹrétọ̀ wá. Báàsì Éṣíà sábà máa ń gba 4 mm tàbí 5 mm. Ti Amẹ́ríkà lè gba 3/16 íńṣì, tó jẹ́ 4.76 mm. Èyí tó fi díẹ̀ kéré á wọlé, á yí lófìfo, á jẹ etí ihò náà, ọrùn yẹn sì parí. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ lọ wo ara ògiri ṣọ́ọ̀bù wa mélòó kan: ọrùn ọmọ tuntun ti wọ́ níbẹ̀, àgbà ọjà ń tẹ fóònù.

Ẹ tún wo báàsì náà láti orí wá sí ìdí, bí ìgbà tí káfíńtà ń wo pákó. Okùn E àti okùn G gbọ́dọ̀ jìnnà bákan náà sí etí ọrùn. Bí G bá fẹ́ já bọ́ létí, ọrùn ló ṣí díẹ̀ nínú ìrìnàjò: kí wọ́n dẹ bóòtù mẹ́rin tó wà lẹ́yìn, kí wọ́n fà á sí ààyè, kí wọ́n fún un. Kì í ṣe ohun tó yẹ kí ẹ gbowó padà lé lórí, àmọ́ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀ ni kí wọ́n ṣe é.

Fírẹ́ẹ̀tì gba sùúrù. Ẹ ta gbogbo wọn, lórí okùn kọ̀ọ̀kan, ohun tó ju ọgọ́rin ohùn lọ, kò sì ju ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí fírẹ́ẹ̀tì méjì tó tẹ̀ léra bá mú ohùn kan náà jáde, èyí tó sún mọ́ ara báàsì ló ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ fi etí ohun tó gún régé dúró lórí fírẹ́ẹ̀tì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá ń mì lórí ti àárín, òun ni ọ̀daràn. Nígbà mìíràn kò wọ igi délẹ̀ ni, wọ́n á kàn án wọlé. Bó bá wọlé tó ṣì ga, fáìlì ló kù, kì í sì í ṣe fáìlì káfíńtà. Ẹyọ kan, ẹ lè gbà kí wọ́n tún un ṣe. Bó bá tó mẹ́ta sí mẹ́rin, òmíràn ni kí wọ́n gbé wá.

Ẹ tún fi àtẹ́lẹwọ́ fa ẹ̀gbẹ́ ọrùn láti òkè dé ilẹ̀. Nígbà ọyẹ́, igi á sún kì, irin kò sún kì, orí fírẹ́ẹ̀tì á wá yọ bí eyín ayùn, ọrùn náà á sì máa tẹ̀ sẹ́yìn. Bí òjò bá dé, ó di òdìkejì: ọrùn á gbòòrò, á tẹ̀ síwájú, okùn á ga. Báàsì tí ẹ bá rà ní Oṣù Kejìlá kò ní rí bákan náà ní Oṣù Keje, ẹ̀bi ẹnikẹ́ni kọ́. Ṣùgbọ́n orí fírẹ́ẹ̀tì tó ń ya ọwọ́ nínú òjò, iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ló burú.

Ohun tí wọn kì í sábà wò ni nut, ìyẹn egungun kékeré tí okùn ń gba ojú rẹ̀ kọjá sí orí. Àwọn tó ń ṣe báàsì olówó pọ́ọ́kú máa ń jẹ́ kí ojú rẹ̀ ga, kí okùn má bàa ha. Ẹ tẹ okùn mọ́ fírẹ́ẹ̀tì kẹta, kí ẹ wo orí fírẹ́ẹ̀tì kìíní: ó yẹ kí àlàfo bíi nínípọn bébà kan kù níbẹ̀. Bó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, títẹ̀ tí ẹ bá tẹ okùn lulẹ̀ á fà á le, ohùn á lọ sókè. Kíì F, lórí fírẹ́ẹ̀tì kìíní okùn E, ni ẹ ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ; pianó á wà níbì kan, báàsì á wà níbòmíì, aṣáájú orin á sì yíjú wo yín.

Ti bíríìjì, ìyẹn irin ìdí báàsì tí okùn so mọ́, kò le. Ohùn okùn tí ẹ tẹ̀ ní fírẹ́ẹ̀tì kejìlá gbọ́dọ̀ bá ohùn tí ẹ fi ìka kàn fẹ́ẹ́rẹ́ níbẹ̀ mu. Bí èyí tí ẹ tẹ̀ bá ga jù, irin tí okùn jókòó lé á sún sẹ́yìn. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, á sún síwájú. Ẹ lo tùnà, ẹ̀rọ tó ń wọn ohùn, irú èyí tí wọ́n ń há mọ́ orí jìtá, torí E ìsàlẹ̀ kò ju 41 Hz lọ, fóònù kì í sì í gbọ́ ọ dáadáa.

Ẹ má gbà kí wọ́n fi ẹnu dán iná rẹ̀ wò fún yín. Ẹ ki kébù bọ̀ ọ́, ẹ mi orí kébù díẹ̀. Bí ohùn bá ń já, náàtì jáàkì, ìyẹn ihò tí kébù ń wọ̀, ló dẹ̀. Kí wọ́n má kàn fún un láti ìta: inú á máa yí tẹ̀ lé e títí wáyà á fi já, ẹjọ́ kékeré á di ńlá. Ẹ yí fólúùmù àti tóònù dé òpin, lọ́tùn-ún lósì. Bó bá ń ha gàràgàrà, eruku lè ni, bó bá sì ń gé ohùn pátápátá níbì kan, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Ìkùn hùn-ùn ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù láàárín oníbàárà àti ọlọ́jà. Lábẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré, ọ̀pọ̀ báàsì ló máa ń kùn díẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan okùn: bí ìkùn náà bá lọ sílẹ̀, wáyà ilẹ̀ ṣì so mọ́ bíríìjì. Bí kò bá yí padà, wáyà yẹn kò kan irin. Kí wọ́n tú bíríìjì, kí wọ́n tún un tẹ́. Irú báàsì tó ní píkọ́ọ̀pù tẹ́ẹ́rẹ́ méjì (píkọ́ọ̀pù ló ń gba ohùn okùn sínú wáyà), irú Jazz Bass tí Fender gbé jáde ní 1960, bí ẹ bá ṣí fólúùmù méjèèjì dé òpin, ìkùn á lọ. Bí ẹ bá dín ọ̀kan kù, á padà. Bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn, ẹ má pe ọlọ́jà ní olè. Àmọ́ bí ẹ bá ṣí méjèèjì tí ohùn sì di tín-ínrín, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pòórá, wáyà píkọ́ọ̀pù kan ni wọ́n gbé kọ́dí. Fífi òjé jó o padà kò gba àkókò.

Èyí tó ń lo bátìrì 9 volt tún ní tirẹ̀. Kébù tí ẹ bá fi sílẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́jú ń jẹ bátìrì. Bí ohùn bá ń fọ́, tó ń kú lọ, ẹ pààrọ̀ bátìrì ná kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún yín pé píkọ́ọ̀pù ti jó.

Olókùn márùn-ún ni àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ń béèrè báyìí, torí aṣáájú orin kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó gbé kíì. Okùn B rẹ̀ wà ní 31 Hz, áńpù kékeré 10 watt orí káńtà kò lè gbé e. Ohun tí ẹ ń gbọ́ níbẹ̀ kì í ṣe okùn B gan-an. Ẹ ní kí wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ ńlá, tàbí kí ẹ kọ ọ́ sí ríṣíìtì pé ẹ máa dán an wò ní ṣọ́ọ̀ṣì kí ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ tó kọjá.

Ní ti ayédèrú, orúkọ ńlá lórí báàsì tí owó rẹ̀ rọ̀ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ti sọ tẹnu rẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tẹ orúkọ náà, kí ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ wé ti ara páálí.

Ó wá ku ìbálò. Ọ̀pọ̀ ríṣíìtì nílùú yìí ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sí pé ọjà tí a bá tà kò ṣeé dá padà. Òfin Federal Competition and Consumer Protection Act ti 2018 fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà, ìlà kékeré ìsàlẹ̀ ríṣíìtì kò sì lè gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sáré lọ bá ìjọba torí fírẹ́ẹ̀tì kan, nítorí náà ẹ bá ọlọ́jà sọ ọ́ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Nọ́ńbà ara báàsì gbọ́dọ̀ wà lórí ríṣíìtì, kì í ṣe "báàsì kan" lásán. Kí wọ́n kọ iye ọjọ́ tí ẹ lè fi gbé e padà, kí wọ́n sì kọ ẹni tó máa san owó ọkọ̀ bó bá di dandan kó padà sí Èkó. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú nìyẹn: ṣọ́ọ̀bù ibí á ní ọ̀gá òun tó wà ní Èkó ló ni ọjà, ọ̀gá Èkó á ní òun ò rí yín rí.

Ibi tí wọ́n ti jẹ́ kí ẹ so ó mọ́ áńpù, tí wọ́n yí ọrùn fún yín, tí wọ́n sì ní kí ẹ gbé e wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tún un wò, ẹ san owó tó lé díẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn nítumọ̀, torí ọrùn ò ní tíì mọ afẹ́fẹ́ ilé yín kó tó pé bẹ́ẹ̀. Báàgì tí wọ́n máa ń fi ṣe ẹ̀bùn fẹ́lẹ́ bí ọ̀rá búrẹ́dì. Ẹ gbà á, ẹ dúpẹ́, àmọ́ bí ọ̀kadà lẹ máa gùn gba Pansẹ́kẹ̀ dé ilé, ẹ nájà lé báàgì onífóòmù, kí ẹ sì kọjú orí báàsì sókè.