Mo mòòkùn lọ bá ọkọ̀ Spiegel Grove nísàlẹ̀ òkun, bó ṣe rí rèé

Látìgbà tí mo ti padà dé Abẹ́òkúta làwọn èèyàn ti ń bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni mo wọ abẹ́ òkun lọ wo ọkọ̀ tó rì. Òótọ́ ni o, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tiẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan náà, tí wọ́n bá ní kí n tún lọ lọ́la màá lọ.

Key Largo ni, ní Florida, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo lọ kí lọ́hùn-ún. Ọkọ̀ ológun Amẹ́ríkà ni Spiegel Grove tẹ́lẹ̀, wọ́n dìídì rì í lọ́dún 2002 kí ẹja lè ríbi gbé. Gígùn ẹ̀ tó mítà 155, ẹ mú pápá bọ́ọ̀lù Kútọ̀ kan àtààbọ̀. Kò sì rì bí wọ́n ṣe fẹ́, àsìkò ò tíì tó tó fi dojú dé, imú ẹ̀ yọ síta lójú omi, wọ́n ṣe é títí ó fi fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sùn fún ọdún mẹ́ta kí ìjì Dennis tó wá lọ́dún 2005 tó gbé e nàró. Ìjì o! Ọkọ̀ tó tóbi tóyẹn!

Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́ṣẹ́ ìmòòkùn ná o. Ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń fúnni ò jẹ́ kéèyàn kọjá mítà 18, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni òkè ọkọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, torí náà mo gba èkejì tó ń jẹ́ kéèyàn dé 30. Inú odò ìwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì kan ní Òkè-Ìléwó ni mo ti kọ́ ìwẹ̀, nígbà tí màámi gbọ́ ibi tí mo fẹ́ gbé e lọ, wọ́n ní, "Ilé Olókun lo fẹ́ lọ yẹn?" wọ́n sì fi àdúrà sin mí.

Okùn kan wà tẹ́ ẹ máa dì mú sọ̀kalẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ rárá, ìṣàn omi ń fì mí bí àsíá. Etí á máa dùn yín, ẹ dí imú, ẹ rọra fẹ́ atẹ́gùn sí i títí á fi là. Ìbọ̀wọ́ mi tó pupa di dúdú lójú mi torí pupa kì í pẹ́ parẹ́ nínú omi. Mo wolẹ̀, mo rí nǹkan ràgàjì kan, mo rò pé ilẹ̀ òkun ni, àṣé ọkọ̀ ni! Ọkàn mi là gààrà. Ẹja kúta tó jẹ́ pé èyí tí wọ́n ti gé ní Lafẹ́nwá ni mo mọ̀, òun ló dúró gbọọrọ tó ń wò mí yẹn. Kànìnkànìn àti iyùn ti bo irin, ẹja wẹ́wẹ́ ń wọlé, wọ́n ń jáde. Mo rántí àwọn apẹja odò Ògùn, ibi tí igi bá wó sí nínú omi ni wọ́n máa ń ní ẹja wà, nǹkan kan náà nìyẹn, irin ló dípò igi.

Ṣùgbọ́n ẹ máa wo géèjì yín tó ń fi bí afẹ́fẹ́ inú àgbá ẹ̀yìn yín ṣe kù hàn, ní mítà 30 ìlọ́po mẹ́rin ni afẹ́fẹ́ fi ń tán ju tòkè lọ. Tẹ́ ẹ bá ń gòkè, ẹ dúró ní mítà márùn-ún fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí gáàsì tó wọ ara yín nísàlẹ̀ lè rọra jáde.

Ohun tó bí mi nínú ni ilé iṣẹ́ tó gbé wa lọ. Màsíìkì tí wọ́n fún mi láti fi bo ojú àti imú nínú omi ń jò, àárín òkun ni wọ́n ti ń sọ pé kò sí òmíì. Àlàyé wọn náà yá jù, wọn ò tẹnu mọ́ ọn tó pé ká má wọ inú ọkọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ èèyàn mẹ́ta ló wọ inú ẹ̀ lọ́dún 2007 tí wọn ò jáde láàyè. Irú ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sáré sọ. Obìnrin tó ṣáájú wa nísàlẹ̀ ṣe dáadáa ní tiẹ̀, gbogbo ìgbà ló ń wẹ̀yìn wò bóyá mo wà níbẹ̀.

Márùn-ún nínú márùn-ún ni mo fún ọkọ̀ náà, ilé iṣẹ́ yẹn gba méjì. Ẹ ra màsíìkì tiyín dání látilé, ẹ má sì ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù sọ́jọ́ yẹn, torí gáàsì tí mo sọ yẹn, ẹ jẹ́ ó tó wákàtí 24 kẹ́ ẹ tó fò.