Gáìdì tó mú mi rí ẹyẹ aláwọ̀ ewé nínú igbó Taman Negara

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà ní Kuala Lumpur tẹ́ ẹ máa ń bi mí pé ibo lèèyàn lè lọ tó bá ní ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta, ẹ gbọ́ ti gáìdì tó mú mi wọ igbó Taman Negara, igbó ńlá tí ìjọba Malaysia ń dáàbò bò, lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹyẹ kan ṣoṣo ni mo torí ẹ̀ lọ, green broadbill lòyìnbó ń pè é, mo sì rí i, mo rí i dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti éjẹ́ǹtì tó bá mi ṣètò mọ́tò, torí ìyẹn ò dáa rárá. Aago méje ni wọ́n dá fún wa, aago mẹ́sàn-án ti kọjá kí bọ́ọ̀sì tó yọjú, ẹnikẹ́ni ò sì bẹ̀ wá. Ẹ kúkú wọ bọ́ọ̀sì fúnra yín lọ sí Jerantut, ìlú tó wà lọ́nà igbó náà. Lójú ọ̀nà yẹn, ọ̀pẹ lẹ máa rí rẹpẹtẹ, ọ̀pẹ tiwa yìí gan-an, torí ọ̀dọ̀ wa ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ló ti ṣẹ̀ wá, ọdún 1917 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi dá oko ńlá ní Malaysia. Ọ̀pọ̀ ibi tí oko yẹn wà lónìí, igbó ni tẹ́lẹ̀, irú igbó ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí ẹyẹ yìí ń gbé, ìdí nìyẹn tó fi ń dín kù. Ó dùn mí o, torí epo pupa ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà.

Ní Kuala Tembeling, èbúté tó wà nítòsí Jerantut, a wọ ọkọ̀ ojú omi gòkè odò fún bíi wákàtí mẹ́ta ká tó dé Kuala Tahan, abúlé tó wà lẹ́nu ọ̀nà igbó náà.

Ó yá, gáìdì. Ọmọ abúlé ibẹ̀ ni, 200 ringgit ló gbà lọ́wọ́ mi fún àárọ̀ kan. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tó ti kan ilẹ̀kùn mi, ó ní kí n fi ìbọ̀sẹ̀ gígùn bo ẹsẹ̀ ṣòkòtò torí eṣúṣú. A rìn bí ogójì ìṣẹ́jú, ó dúró lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ kan tí èso ẹ̀ ti pọ́n, ó ní ká jókòó, a sì jókòó, wákàtí kan kọjá, àgbìgbò ibẹ̀ ń fò lókè, apá wọn ń dún bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Mo bi í pé ṣé kò ní fi fóònù gbé ohùn ẹyẹ náà sáfẹ́fẹ́ kó lè jáde wá ni, ó ní rárá, ẹyẹ á rò pé akọ míì ló wọ àyè òun, á fi oúnjẹ ẹ̀ sílẹ̀, á máa wá ọ̀tá tí kò sí. Látìgbà yẹn ni mo ti gba tiẹ̀.

Ó wá fi àgbọ̀n júwe òkè, ó ní, "Ewé yẹn." Mo wò, ewé ni mo rí. Mo tún wò, àfi ìgbà tí ewé yí orí! Akọ ni, kò gùn ju sẹ̀ntímítà 17 lọ, ó ki pọ́pọ́, ara ẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀, àmì dúdú kan lẹ́yìn ojú, ilà dúdú mẹ́ta lápá. Ìyẹ́ iwájú orí ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo àgógó ẹnu ẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ máa rò pé kò lẹ́nu, àmọ́ nígbà tó já èso ọ̀pọ̀tọ́ kan, ẹnu ọ̀hún là gbàgà, ó gbé e mì lódindi, mo rí i tí ọ̀fun ẹ̀ wú tó tún rọlẹ̀. Ó wá dúró jẹ́ẹ́, kò mira. Ẹni tó bá dá lọ, abẹ́ ẹ̀ ló máa gbà kọjá tí kò ní mọ̀.

Àbùkù kan tó wà níbẹ̀ ni pé báínókúlà kan ṣoṣo ni gáìdì gbé dání, tiẹ̀ la jọ ń gbà lọ́wọ́ ara wa, ẹ mú tiyín lọ. Mo fún un ní 9 nínú 10.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi í bóyá ọ̀pọ̀tọ́ kan wà tó ń so lọ́wọ́, torí igi kọ̀ọ̀kan ló ní ìgbà tiẹ̀. Tó bá ní kò sí, ẹ sún ọjọ́ yín síwájú.