Àwòrán Ìdìbò Amẹ́ríkà Ọdún 2000 Tí Mo Rà Nítòsí Ọjà Ọba, Àkúrẹ́

Lọ́wọ́ òǹtàwé kan nítòsí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ ni mo ti ra àwòrán ilẹ̀ yìí, inú mi sì dùn pé mo rà á. Wọ́n kọ iye ìbò aṣojú tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní sórí rẹ̀ (ìbò yìí ló ń yan ààrẹ níbẹ̀, ẹni tó bá sì kó 270 ló wọlé), wọ́n sì fi ọ̀dà pupa kun gúúsù láti Texas títí dé Virginia, tí ojú fi tètè rí i pé George W. Bush ni ẹkùn náà tẹ̀ lé.

Ìbò 537 péré ni Bush fi ju Al Gore, tí wọ́n jọ du ipò ààrẹ, lọ ní Florida, ìbò aṣojú 25 ti ìpínlẹ̀ náà ni ó sì gbé e dé 271, tí Gore fi dúró sórí 266, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gore ni ọ̀pọ̀ ará ìlú dìbò fún. Tennessee ló dùn mí jù, nítorí pé ìpínlẹ̀ Gore gan-an ni: bí wọ́n bá ti dìbò fún ọmọ wọn ni, ìbò 11 wọn ìbá gbé e kọjá 270 láìsí Florida rárá.

Àléébù rẹ̀ ni pé kò fi hàn pé Maine àti Nebraska lè pín ìbò aṣojú wọn láàárín àwọn olùdíje, nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ yòókù ń kó gbogbo tiwọn fún ẹni tó borí níbẹ̀, àti pé ọ̀dà rẹ̀ máa ń ran ìka tó bá tutù.