Turbo, The X Factor àti St. Anger: Èwo Ni Ó Yẹ Kí Ẹ Kọ́kọ́ Rà?

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀kan nínú àwo orin heavy metal mẹ́ta yìí yóò ti gbọ́ èébú wọn kí ó tó gbọ́ orin inú wọn. Èmi kò sọ pé èébú náà kò nídìí. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n kò dọ́gba, ó sì yẹ kí olùrà mọ èyí tí etí rẹ̀ lè gbà kí ó tó náwó.

Ní ti Turbo, tí Judas Priest gbé jáde ní 1986, ẹ̀sùn náà ni pé wọ́n so gìtá mọ́ synthesizer, ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná dá ìró, ìró rẹ̀ sì dán ju èyí tí àwọn olólùfẹ́ wọn mọ̀ lọ. Ó dán lóòótọ́. Ṣùgbọ́n orin mẹ́sàn-án péré ni, kò ju nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú lọ, ohùn Rob Halford, akọrin wọn, kò sì yingin. Òun ni ó tètè ń wọ etí jù, òun náà ni ó sì tètè ń sú ni.

The X Factor, àwo kẹwàá Iron Maiden, ni mo fẹ́ dúró tì. Bruce Dickinson, akọrin wọn, fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1993, wọ́n sì mú Blaze Bayley láti inú ẹgbẹ́ Wolfsbane wá rọ́pò rẹ̀, ẹni tí ohùn rẹ̀ wúwo, tí kì í gòkè bíi ti ẹni ìṣáájú. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwo náà jáde ní 1995. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìgbéyàwó Steve Harris, olórí wọn tó ń ta gìtá béèsì, ń tú ká lásìkò yẹn, ogun àti iyèméjì ló sì gba inú orin wọn kan. Ohùn tó ń fò fẹ̀rẹ̀ ìbá ba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́. Orin àkọ́kọ́, tó lé ní ìṣẹ́jú 11, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìró bíi ti àwọn mọ́ńkì tó ń kọrin ìsìn. Dickinson fúnra rẹ̀ kọ orin náà lẹ́yìn tó padà dé, ó wà nínú Rock in Rio, àwo orí ìtàgé wọn ti 2002, ó sì kọ ọ́ dáadáa (síbẹ̀, òkùnkùn ti àkọ́kọ́ ni ó wù mí jù). Nítorí pé àwo náà gùn tó ìṣẹ́jú 71, rẹ́kọ́ọ̀dù méjì ni ó gbà. Kí ẹni tí kò fẹ́ máa dìde yí i padà ra sídíì.

St. Anger ti Metallica, 2003, ni ó le jù láti gbèjà. Lars Ulrich, onílù wọn, tú wáyà tó máa ń gbọ̀n lábẹ́ ìlù snare rẹ̀ sílẹ̀, ìlù náà sì ń dún bí agolo òfìfo. Kirk Hammett, onígìtá wọn, kò dá gìtá ta níbì kankan. Bob Rock tó darí iṣẹ́ náà ni ó ta béèsì, nítorí Jason Newsted tó ń ta á fún wọn ti lọ ní 2001. Ìṣẹ́jú 75 ti pọ̀ jù fún un, n kò lè purọ́. Ṣùgbọ́n ìbínú inú rẹ̀ kì í ṣe àfarawé, ìlù burúkú yẹn gan-an ni ó sì jẹ́ kí a gbà á gbọ́.

Bí owó ọwọ́ yín kò bá ju ti ẹyọ kan lọ, ẹ ra The X Factor. Bí ó bá jẹ́ St. Anger ni ẹ yàn, ẹ wá sídíì tó ní DVD nínú, níbi tí Robert Trujillo, tó rọ́pò Newsted, ti bá wọn ta gbogbo orin náà níbi ìdánrawò. Tí ó bá sì jẹ́ àlòkù, ẹ ṣí páálí rẹ̀ wò bóyá DVD náà ṣì wà níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó.