Ántíbọ́dì p53: ṣé DO-1 lẹ máa rà ni àbí ti ehoro?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ántíbọ́dì p53 fún láàbù yín, ìyẹn ohun tó máa ń dì mọ́ p53, purotéènì tó ń dènà jẹjẹrẹ, kẹ́ ẹ lè rí i nínú sẹ́ẹ̀lì, láti Gwagwalada títí dé Zaria, ẹ dákun ẹ gbọ́ tèmi kẹ́ ẹ tó sanwó. Mo ti lo DO-1 tó jẹ́ mónókílónà ti eku (ántíbọ́dì oríṣi kan ṣoṣo), mo sì ti lo pọ́líkílónà ti ehoro (àdàlù oríṣiríṣi ántíbọ́dì).

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ lórí lot number, nọ́ńbà tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe ìgò kan yàtọ̀ sí òmíràn, torí òun ló jẹ owó wa. Ìgò pọ́líkílónà àkọ́kọ́ dáa gan-an, bándì (ìlà tó ń fi purotéènì hàn) kan ṣoṣo níbi 53 kDa tó yẹ kí p53 wà, ó mọ́ roro. Ìgò tó tẹ̀ lé e, orúkọ kan náà, nọ́ńbà kátálọ́ọ̀gì kan náà, lot number nìkan ló yàtọ̀, a sì ti dúró de kọ́sítọ́ọ̀mù títí ó fi sú wa, àfi bí bándì ṣe to ara wọn lórí Western blot, àyẹ̀wò tó ń to purotéènì bí wọ́n ṣe tóbi sí, bí àkàbà, èyí tó wá burú jù ni pé ọ̀kan jókòó síbi 53 gẹ́lẹ́ nínú H1299, bẹ́ẹ̀ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró yẹn ò ní p53 kankan nínú! Ẹni tó tà á fún wa kàn ní ká túbọ̀ là á lómi ni. Inú ẹ̀jẹ̀ ehoro ni wọ́n ti ń yọ ọ́, tí ehoro yẹn bá ti lọ, òmíràn ni wọ́n máa gbà á lára ẹ, ohun tó bá sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìyẹn lẹ máa rí.

DO-1 ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹyọ sẹ́ẹ̀lì kan náà ló ń pèsè ẹ̀, ibi kan náà ló máa ń dì mú lára p53, amínò ásíìdì 20 sí 25, ìgò lónìí ìgò lọ́dún tó ń bọ̀.

Àmọ́ DO-1 kì í rí p53 ti eku o. Tó bá jẹ́ eku lẹ fi ń ṣiṣẹ́, CM5 ti ehoro ni kẹ́ ẹ wá. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fa p53 pẹ̀lú MDM2, purotéènì mìíràn tó máa ń dì mọ́ ọn, jáde pọ̀, DO-1 máa yọ yín lẹ́nu, torí ibi tí MDM2 ń dì mú lòun náà ń dì mú.

Ọ̀rọ̀ iná: méjèèjì ni NEPA lè bà jẹ́, ẹ pín in sí túùbù kéékèèké.

Fún sẹ́ẹ̀lì èèyàn, DO-1 lèmi ń rà. Tó bá jẹ́ ti ehoro lẹ fẹ́, ẹ ní kí wọ́n fi àwòrán H1299 hàn yín fún lot yẹn gan-an, kẹ́ ẹ ra èyí tó máa tó yín parí iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sì kọ lot number ẹ̀ sórí rìsíìtì.