Oúnjẹ Ṣáínà n'Íbarà: ẹja wọn dáa, ṣùgbọ́n ẹ yọ igi yẹn kúrò nínú ìrẹsì

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta tẹ́ ẹ ti ń bèèrè ibi tẹ́ ẹ ti lè jẹ oúnjẹ Ṣáínà láì dé Èkó, ó wà n'Íbarà o. Mi ò ní dárúkọ wọn torí ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò nísàlẹ̀.

Tábìlì wọn ló kọ́kọ́ wù mí. Róbótó ni, wọ́n wá gbé díńgí kan tó ń yí lé àárín ẹ̀, gbogbo oúnjẹ á wà lórí ẹ̀, tó o bá fẹ́ nǹkan wàá rọra yí i títí táá fi dé ọ̀dọ̀ ẹ, kò ní sí pé ò ń na ọwọ́ kọjá iwájú àgbà. Àjọjẹ loúnjẹ Ṣáínà, bíi ti ilé wa náà ni. Àgbà ló ń kọ́kọ́ bu oúnjẹ, àga tó kọjú sẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n sì ń fún ẹni tí wọ́n bá ń pọ́n lé. Wétà tó dá wa lóhùn mọ̀ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló ní kí bàbá wa jókòó, inú wọn dùn débi pé àwọn ni wọ́n ń bu tíì fún gbogbo wa.

Ẹja ńkọ́? Odindi ni, torí-tìrù, ata ilẹ̀ àti àlùbọ́sà eléwé lórí ẹ̀, ooru omi gbígbóná ni wọ́n fi sè é, ó rọ̀ dẹ̀dẹ̀. Nígbà tá a jẹ apá kan tán, wétà yọ eegun ẹ̀yìn ẹ̀, kò yí i padà, torí àwọn apẹja ìhà gúúsù Ṣáínà gbà pé ẹni tó bá yí ẹja lórí àwo ń yí ọkọ̀ ojú omi dé nìyẹn.

Ẹjọ́ mi rèé: ìrẹsì díndín dé, wọ́n ti ki igi ìjẹun méjèèjì bọ àárín ẹ̀, ó dúró gbọnrangandan. Há à! Bí wọ́n ṣe ń gbé tùràrí kalẹ̀ fún òkú nìyẹn ní Ṣáínà, èèwọ̀ ni lórí tábìlì. Wétà ní ọ̀gá ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ torí fọ́tò. Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbẹ́ abọ́ ni kẹ́ ẹ máa fi í sí. Kẹ́ ẹ sì máa gbé ṣíbí ìbu-oúnjẹ wá fún àwo kọ̀ọ̀kan, àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn ti ń tẹnu mọ́ ọn látìgbà Kòró. Owó wọn ò kéré, ṣùgbọ́n tìtorí ẹja yẹn mo ṣì ń padà lọ.