Kànga tàbí Bọ́hòólù: Èwo Ló Yẹ Ilé Tí Ẹ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Rà?

Nígbà tí èmi àti ọkọ mi ra ilé wa ní Bàrígà, a bá kànga kan lẹ́yìnkùlé. Ríngì ni wọ́n tò sí i dé ìsàlẹ̀, ó sì ní ìdérí irin. Bàbá tó ta ilé fún wa ní kò gbẹ rí, bó ti wù kí ẹ̀ẹ̀rùn le tó. Èmi ni mo ní kí wọ́n kó yanrìn dí i. Mo ní bọ́hòólù ló yẹ ilé wa. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé, pàápàá ní Bàrígà, Ṣómólú àti gbogbo ibi tó sún mọ́ ọ̀sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi kí ẹ tó pe ẹni tó máa gbẹ́lẹ̀.

Ti owó kò gba àríyànjiyàn: kànga dínwó sí bọ́hòólù. Ti iná náà rí bẹ́ẹ̀. Sumo ló ń fa omi bọ́hòólù, bí kò bá síná, kò sómi, àfi èyí tó kù nínú táǹkì. Bí NẸ́PÀ bá múná lọ, okùn àti ike tó fún oníkànga. Ní ti àyè, bọ́hòólù ló borí. Kànga gbààyè, ó sì gbọ́dọ̀ ní ìdérí tó ní kọ́kọ́rọ́ nítorí àwọn ọmọdé. Ẹ má fi èyí ṣeré rárá.

Àwọ̀ omi ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí, torí òun ló ná wa lówó.

Lọ́jọ́ tí wọ́n parí bọ́hòólù wa, omi náà mọ́ gaara. A bù ú sínú ife, a gbé e sí oòrùn, kò sí ìdọ̀tí kankan nínú rẹ̀. A san owó tó kù lójú ẹsẹ̀. A wá lẹ táìsì funfun sí balùwẹ̀ méjèèjì, a ra àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ funfun, a kó wọlé. Kò pé oṣù kan tí ibi tí omi ń gbà kọjá fi pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀. Sùtánà tí ọkọ mi fi ń lọ sí Sẹ́lẹ́ di ràkọ̀ràkọ̀, àwọ̀ ìpẹtà ló mú. Mo da bílíìṣì sí i kó lè funfun padà, ìgbà náà ló wá bàjẹ́ pátápátá. Bí a bá se tíì, dúdú ló máa ń dú.

Irin ló wà nínú omi náà. Nísàlẹ̀ ilẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, irin máa ń yọ́ mọ́ omi, ojú kò sì lè rí i. Bí omi bá jáde tí afẹ́fẹ́ kàn án, irin yẹn á dípẹtà, omi á pọ́n. Bílíìṣì kàn ń mú kó tètè ṣẹlẹ̀ ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bí irin bá ti ju mílígíráàmù 0.3 lọ nínú lítà omi kan, ó lè máa ba aṣọ àti páìpù jẹ́. Ẹni tó gbẹ́ tiwa dúró níbi tó ti kọ́kọ́ bá omi, a kò sì bá a kọ iye ẹsẹ̀ bàtà tó máa gbẹ́ sílẹ̀. Ẹnu lásán ni a fi sọ ọ́. A tún wá owó mìíràn láti fi gbé ẹ̀rọ tí ń sẹ́ irin kúrò kalẹ̀: omi á máa já láti orí pẹpẹ kan sí èkejì kí afẹ́fẹ́ lè kàn án, lẹ́yìn náà á gba inú yanrìn kọjá. Yanrìn yẹn fẹ́ fífọ̀ déédéé. Bí a bá gbàgbé, omi á tún pọ́n.

Omi kànga màmá tó wà ní ilé kejì sí tiwa mọ́. Ẹnu kànga fẹ̀, afẹ́fẹ́ ń kàn án lójoojúmọ́, irin tó bá wà níbẹ̀ á ti rọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó fà á. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń pọn omi tí mo fi ń fọ aṣọ funfun báyìí, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo dí tèmi.

Nítorí náà, kí ẹ tó gbẹ́ ohunkóhun, kí ẹ sì tó lẹ táìsì, ẹ bẹ aládùúgbò tó ní bọ́hòólù kó fún yín ní omi garawa funfun kan. Níbi tí omi ti ń jáde gan-an ni kí ẹ ti gbà á, kì í ṣe lẹ́nu ẹ̀rọ inú ilé, torí páìpù irin àtijọ́ náà lè mú omi pọ́n. Ẹ jẹ́ kó sùn di ọjọ́ kejì, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ garawa. Bí ẹ bá sì gbẹ́ tiyín, ẹ gbé omi náà lọ fún àyẹ̀wò kí ẹ tó san owó tó kù. Ẹ dúró tì wọ́n, ẹ ka iye páìpù tó wọlẹ̀, kí ẹ lè mọ bó ṣe jìn tó.

Kànga ní àléébù tirẹ̀. Pílọ́ọ̀tì Èkó kò sábà ju ẹsẹ̀ bàtà 60 ní fífẹ̀ àti 120 ní gígùn lọ, ìyẹn nǹkan bíi mítà 18 ní fífẹ̀ àti 36 ní gígùn. Nínú àyè yìí, ó ṣòro kí kànga jìnnà sí sókàwéè tiyín àti ti aládùúgbò. Kọ́lẹ́rà tó jà ní Èkó lóṣù Kẹfà ọdún 2024 kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹ má mu omi kànga láìsè é. Bọ́hòólù tí kò jìn náà kò yọ sílẹ̀ nínú èyí.

Ẹni tó lówó láti gbẹ́ jìn, tó ṣe àyẹ̀wò, tó sì lè máa tọ́jú ẹ̀rọ ìsẹ́mi, bọ́hòólù dára fún un. Ẹni tó bá kànga tó mọ́ nínú ilé tó rà, kó bẹ onímọ̀ kó gbọ́n ọn, kó fọ ríngì rẹ̀, kó pààrọ̀ ìdérí, kó gbé ẹ̀rọ kékeré lé e. Táìsì rẹ̀ á funfun.

Àwa ti ń kówó jọ báyìí. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí omi ilẹ̀ bá lọ sísàlẹ̀, a máa gbẹ́ kànga mìíràn ní iwájú ilé, níbi tó jìnnà sí sókàwéè jù lọ. Ríngì la máa tò sí i.